Apá Òsì Bàálù Mi Ń Rọlẹ̀: Ṣé Kí N Fi Sípíríǹgì Dè É?

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọwọ́ ara yín kan bàálù, ẹ̀yin tí ẹ ń gbèrò àtikàn án, àti ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ bàálù kàn máa ń dùn mọ́, ẹ kú àbọ̀ sí ojú ewé wa. Zaria ni mo ti kọ́ iṣẹ́ mẹ̀káníìkì bàálù, ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà ni mo ti ń fi ṣiṣẹ́ jẹun báyìí. Lẹ́tà mẹ́rin ni mo mú lóṣù yìí. Ti àkọ́kọ́ ló gba àyè jù, torí pé bí a bá ti ń fọwọ́ kan ohun tí a fi ń darí bàálù, ẹ̀mí èèyàn ni a ń fọwọ́ kàn.

ÌBÉÈRÈ (láti Katy, Texas): Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ìyàwó mi parí RV-7A wa lọ́dún tó kọjá, bàálù kékeré ẹlẹ́ni méjì tí ilé iṣẹ́ Van's ń ta páàtì rẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kàn án fúnra rẹ̀. Inú gáréèjì wa ni a ti kàn án. Ó ń fò dáadáa, àmọ́ bí mo bá ti jọ̀wọ́ ọ̀pá ìdarí lókè, apá òsì á bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ìrìn bá jìn, ọwọ́ á máa ro mí nítorí pé mo ní láti máa fi agbára díẹ̀ dì í mú sí ọ̀tún. Mo ti ra servo kékeré kan, ìyẹn mọ́tò tó ń fa nǹkan síwá-sẹ́yìn, mo sì ti ra sípíríǹgì méjì ní ṣọ́ọ̀bù irinṣẹ́ ní àdúgbò. Mo fẹ́ fi wọ́n de ọ̀pá ìdarí lábẹ́ ìjókòó, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì, kí servo máa fà wọ́n bí mo bá tẹ bọ́tìnnì. Ṣé kí n tẹ̀ síwájú? Báwo ló sì ṣe yẹ kí sípíríǹgì náà le tó?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ẹ kú oríire bàálù tuntun, ẹ sì bá mi kí ìyàwó yín gidigidi. Ẹni tó bá ti bá èèyàn di irin mú lẹ́yìn rifẹ́ẹ̀tì láti ìrù bàálù títí dé imú rẹ̀, olùrànlọ́wọ́ gidi ni.

Ẹ má tíì de sípíríǹgì kankan. Mi ò ní kí ẹ má lò ó láéláé o. Mo fẹ́ràn trim onísípíríǹgì, ìyẹn ohun tó ń bá awakọ̀ di ọ̀pá mú kí ọwọ́ rẹ̀ lè sinmi, mo sì ti bá ọ̀pọ̀ èèyàn fi sí bàálù wọn. Àmọ́ iṣẹ́ tí sípíríǹgì mọ̀ kò ju kó gba ìnira kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ń wa bàálù. Kò lè tún bàálù tó wọ́ ṣe. Bí nǹkan kan bá wọ́ lára apá, tí ẹ wá fi sípíríǹgì fà á padà, wíwọ́ náà ṣì wà níbẹ̀, ẹ kàn ti fi aṣọ bò ó lójú ni. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń fa apá òsì yẹn sílẹ̀.

Epo ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. RV-7A máa ń gba epo gálọ́ọ̀nù 42, gálọ́ọ̀nù 21 nínú apá kọ̀ọ̀kan. Gálọ́ọ̀nù avgas kan wúwo tó pọ́ùn 6, nítorí náà táǹkì tó kún fi pọ́ùn 126 wúwo ju èyí tó gbẹ lọ. Ẹ̀ńjìn Lycoming alágbára ẹṣin 180 máa ń jó gálọ́ọ̀nù 9 sí 10 ní wákàtí kan bí ẹ bá ń sáré bó ṣe yẹ. Bí ẹ bá fi wákàtí kan gbáko fa epo láti táǹkì ọ̀tún nìkan, apá òsì á ti fi pọ́ùn 54 sí 60 wúwo jù ú lọ. Ẹ sì mọ̀ pé òsì ni awakọ̀ ń jókòó sí nínú bàálù yín. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ wà nínú rẹ̀, ara yín gan-an ti fi ẹrù sí òsì kí ẹ tó gbéra.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe rèé. Ẹ jẹ́ kí epo dọ́gba nínú táǹkì méjèèjì. Ẹ gbé ẹnì kan tó wúwo bíi tiyín sí ọ̀tún. Ẹ gbéra ní àárọ̀ kùtùkùtù, kí oòrùn Texas tó bẹ̀rẹ̀ sí í ru atẹ́gùn sókè, kí ẹ gun òkè dáadáa, kí ẹ jẹ́ kí ìyára rẹ̀ dúró sójú kan, kí ẹ wá jọ̀wọ́ ọ̀pá. Bí apá òsì ò bá rọlẹ̀ mọ́, bàálù yín ò wọ́ rárá. Ẹrù ló ń ṣe é, trim sì ni oògùn rẹ̀. Ẹ lè fo ìpínrọ̀ mẹ́ta tó tẹ̀ lé èyí.

Bó bá ṣì ń rọlẹ̀, ẹ wo bọ́ọ̀lù kékeré inú gíláàsì tó wà níwájú yín. Ṣé àárín ló wà? Bí kò bá sí ní àárín, ẹ̀gbẹ́ ni bàálù yín ń fi rìn, bàálù tó bá sì ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn á rọ apá kan sílẹ̀ dandan. Rọ́dà, pátákó tó dúró lóòró tó ń yí ní ìrù bàálù, ni kí ẹ tún ṣe, ẹ má tíì fọwọ́ kan aileron, ìyẹn àwọn pátákó tí ń lọ sókè-sódò ní etí ẹ̀yìn apá. Ẹ gé igi pẹlẹbẹ kékeré tó rí bí ègé, ẹ fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ etí ẹ̀yìn rọ́dà, ní ẹ̀gbẹ́ òdìkejì ibi tí ẹ fẹ́ kí rọ́dà yà sí, kí ẹ sì máa dín in kù tàbí kí ẹ máa fi kún un títí bọ́ọ̀lù á fi dúró sí àárín. Ẹ wo ìbòrí àwọn táyà náà pẹ̀lú. Èyí tó bá yà díẹ̀ lè ti gbogbo bàálù sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ wá wo aileron fúnra wọn. Ẹ gbé flap méjèèjì, àwọn pátákó tí a máa ń sọ̀ kalẹ̀ bí a bá fẹ́ balẹ̀, sókè tán pátápátá, ẹ fi irin ìwọ̀n tí ẹ lò nígbà tí ẹ ń kàn án di bellcrank, irin tó ń yí láti ti aileron, mú sí àárín, ẹ dúró sí ẹ̀yìn apá, kí ẹ wo etí flap, etí aileron àti etí ìparí apá. Ó yẹ kí wọ́n wà lórí ìlà kan náà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bí flap kan bá rọ̀ ju èkejì lọ, ibẹ̀ ni ẹ ti rí olè yín. Bí aileron kan bá ga tàbí tó lọ sílẹ̀ lójú ìdè rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kódà bí ó bá kéré débi pé ojú lásán ò tètè rí i, ó tó láti rọ apá kan sílẹ̀.

Ohun tó kù ni etí ẹ̀yìn aileron, ibi tí páànù ti ṣẹ́ padà. Ilé iṣẹ́ Van's fúnra rẹ̀ ti kọ́ àwọn oníbàálù RV pé bí apá kan bá ń rọlẹ̀, aileron apá kejì, èyí tó fúyẹ́, ni kí a fún etí ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀. Nítorí náà, aileron ọ̀tún ni tiyín. Bí etí náà bá tẹ́ẹ́rẹ́ sí i, atẹ́gùn á gbé e sókè díẹ̀, apá ọ̀tún á sì sọ̀kalẹ̀ wá bá òsì. Ẹ fi igi tó tẹ́jú sí òkè àti ìsàlẹ̀ etí náà, kí ẹ rọra fún un pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ fún un díẹ̀, ẹ lọ fò ó wò, kí ẹ tó tún padà wá fún un. Ẹ má kánjú níbí o! Páànù tẹ́ẹ́rẹ́ ni, fífún un rọrùn gan-an ju kí a tún là á padà lọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ sípíríǹgì.

Àwọn tí ẹ rà ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, ẹ ò tíì mọ bí wọ́n ṣe le tó, àbí? Kò sí ilé ọmọ Yorùbá kan ní Amẹ́ríkà tí kò ní ìwọ̀n àgbékọ́ tí a fi ń wọn báàgì kí a tó gbéra lọ sí Èkó. Ẹ gbé e wá. Ẹ fi ojú kan sípíríǹgì kọ́ ìṣó, ẹ fi ìwọ̀n kọ́ ojú kejì, ẹ fà á kó gùn ní ínǹṣì 1, ẹ kọ ohun tí ìwọ̀n sọ sílẹ̀, ẹ tún fà á dé ínǹṣì 2, ẹ kọ ìyẹn náà. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni líle rẹ̀ ní ínǹṣì kan. Ẹ má wọ̀n ọ́n láti òdo, torí pé ọ̀pọ̀ sípíríǹgì ni kì í fẹ́ yọ ní ìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn á sì ṣi ìṣírò yín. Ẹ wọn méjèèjì. Bí wọn ò bá dọ́gba, ẹ dá wọn padà.

Ẹ jẹ́ ká wá fi àpẹẹrẹ kan ṣe ìṣírò. Ká ní ibi tí sípíríǹgì ti so mọ́ ọ̀pá ìdarí jìn ní ínǹṣì 3 sí ibi tí ọ̀pá ti ń yí, tí ibi tí ọwọ́ yín ti dì í mú sì jìn ní ínǹṣì 15. Ká ní servo yín ń rin ínǹṣì 1 láti òpin kan dé èkejì, ìyẹn ìdajì ínǹṣì sí ọ̀tún àti ìdajì sí òsì. Ká sì ní sípíríǹgì kọ̀ọ̀kan le ní pọ́ùn 5 fún ínǹṣì kan. Bí ẹ bá tẹ trim dé òpin, sípíríǹgì kan á fi ìdajì ínǹṣì gùn sí i, èkejì á fi ìdajì kúrú. Ọ̀kan fi pọ́ùn 2.5 kún ìfà rẹ̀, èkejì fi pọ́ùn 2.5 dín tirẹ̀ kù, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ pọ́ùn 5 níbi ìso. Ṣùgbọ́n ọwọ́ yín jìnnà ní ìlọ́po márùn-ún ju ibi ìso lọ, nítorí náà pọ́ùn 1 péré ni ọwọ́ yín á mọ̀. Fún RV tó ti tọ́, tí ẹrù nìkan ń ṣe, pọ́ùn 1 yẹn kì í ṣe kékeré.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀ ni gígùn sípíríǹgì. Bí ẹ bá ti ọ̀pá ìdarí dé òpin, bíi dìgírì 20 sí ẹ̀gbẹ́ kan, ibi ìso á rìn tó ínǹṣì 1. Ẹ wá fojú inú wò ó pé trim wà ní òpin òsì, ẹ sì ti ọ̀pá dé òpin ọ̀tún: ínǹṣì 1 ti ọ̀pá àti ìdajì ti servo, ó di ínǹṣì 1.5. Sípíríǹgì kan ti fi ínǹṣì 1.5 gùn ju bó ṣe wà ní àárín lọ, èkejì sì ti fi ínǹṣì 1.5 kúrú. Bó bá jẹ́ pé ínǹṣì 1 péré ni ẹ fà wọ́n nígbà tí ẹ ń dè wọ́n, èyí tó kúrú yẹn ti dẹ̀ nìyẹn, ìkọ́ rẹ̀ sì lè yọ kúrò nínú ihò. Nítorí náà, ẹ gbọ́dọ̀ fà wọ́n ju ínǹṣì 1.5 lọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ní 1.75. Ìyẹn túmọ̀ sí pé èyí tó gùn jù á yọ tó ínǹṣì 3.25. Bí ẹni tó ṣe sípíríǹgì náà bá sọ pé kò gbọ́dọ̀ yọ ju ínǹṣì 2.5 lọ, kì í ṣe ti iṣẹ́ yìí, bó ti wù kó rẹwà tó.

Ní ipò yẹn kan náà, ẹ fi ìwọ̀n báàgì yẹn kọ́ orí ọ̀pá ìdarí lórí ilẹ̀, kí ẹ wo iye tó ń béèrè. Nínú àpẹẹrẹ wa yìí, pọ́ùn 3 ni. Òfin Amẹ́ríkà fún àwọn bàálù kékeré tí ilé iṣẹ́ ń ṣe tà, Part 23 ti àtijọ́, sọ pé agbára tí awakọ̀ á máa fi di ọ̀pá mú fún ìgbà pípẹ́ kí bàálù má baà yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kò gbọ́dọ̀ ju pọ́ùn 5 lọ. Òfin yẹn ò de bàálù tí a kàn nílé, àmọ́ èmi kì í jẹ́ kí trim onísípíríǹgì kọjá pọ́ùn 5 yẹn ní ibikíbi. Ẹni tó bá ń wa bàálù gbọ́dọ̀ lè fi ọwọ́ kan ṣẹ́gun trim tirẹ̀, kódà nígbà tí ara rẹ̀ bá ti rẹ̀ ẹ́.

Mo fẹ́ sọ ohun kan tí mo rí lábẹ́ ìjókòó bàálù tí wọ́n gbé wá fún àyẹ̀wò ọdọọdún. Trim rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, olówó bàálù ò ní ẹjọ́ kankan. Mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo na dígí kékeré wọlé sí ẹ̀yìn bírákẹ́ẹ̀tì tí sípíríǹgì so mọ́, mo sì rí i pé ihò tó yẹ kó rí roboto ti di gbọọrọ bí ojú abẹ́rẹ́. Etí rẹ̀ ń dán bíi fàdákà, eruku dúdú alumíníọ̀mù tò sí abẹ́ rẹ̀. Irin ni ìkọ́ sípíríǹgì, alumíníọ̀mù ni bírákẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀ńjìn ń gbọ̀n, irin ń fi ihò náà ṣe àyùn, kò sì kù ju bébà lọ kó já. Bó bá já ní òkè, sípíríǹgì kejì tó ṣẹ́ kù á fa ọ̀pá sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ lójijì. Láti ọjọ́ yẹn ni n kì í ti í jẹ́ kí ìkọ́ irin fara kan alumíníọ̀mù lásán. Ẹ fi búùṣì irin sínú ihò náà, tàbí kí ẹ fi irin pẹlẹbẹ ṣe etí bírákẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi pílíáàsì pa ẹnu ìkọ́ dé lẹ́yìn tí ẹ bá ti kọ́ ọ, kí ẹ sì fi rọ́bà tí ń sún kì bí ooru bá kàn án bò ó. Bóòtù tó bá wà níbi tí nǹkan ti ń yí, ẹ má fi nọ́ọ̀tì onírọ́bà dè é o. Nọ́ọ̀tì tó ní ihò ni, kí ẹ fi kọ́tà píìnì há a.

Kí ẹ tó dá ìjókòó padà, ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín nípa sípíríǹgì kọ̀ọ̀kan pé: bí eléyìí bá já níbí, ibo ni ìdá tó ṣẹ́ kù á fò sí? Bó bá lè dé ibi tí ọ̀pá ti ń yí, tó lè há sáàárín púṣìròọ̀dù (ọ̀pá tó ń ti aileron) àti bírákẹ́ẹ̀tì, tàbí tó lè máa ha páìpù epo tàbí ti bíréèkì, ẹ wá ibòmíràn so ó sí. Sípíríǹgì tó já yẹ kó fi ọwọ́ yín sílẹ̀ pẹ̀lú ìnira díẹ̀, kó má fi yín sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá tó há.

Ní ti wáyà, bó bá jẹ́ servo Ray Allen ni ẹ rà, wáyà funfun méjì tí kò ní ìlà kankan ni ti mọ́tò. Mẹ́ta yòókù tó ní ìlà ọsàn, ewé àti aró ni ti gèéjì tó ń fi ibi tí trim wà hàn. Ẹ tẹ bọ́tìnnì sí òsì, kí ẹ sì wo ọ̀pá ìdarí fúnra rẹ̀, ẹ má wo gèéjì. Bí ọ̀pá bá lọ sí ọ̀tún, ẹ kàn yí wáyà funfun méjèèjì padà síra wọn. Ẹ fún servo náà ní fíúùsì tàbí bíréékà tirẹ̀, níbi tí ọwọ́ yín ti lè tètè tó o, torí bọ́tìnnì lè há kí trim máa lọ fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ tí ẹ máa kọ́kọ́ fò ó, ẹ má gbé ẹnikẹ́ni dání. Ẹ gùn ún tó ẹsẹ̀ bàtà 3,000 sókè ilẹ̀, ẹ tẹ trim dé òpin òsì, ẹ dín ìyára kù títí dé èyí tí ẹ fi ń balẹ̀, pẹ̀lú flap sísàlẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá ọ̀pá náà ṣì ń gbọ́ tiyín. Ẹ ṣe ti ọ̀tún náà. Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ìyára kékeré wà nínú ìdáhùn tó tẹ̀ lé èyí. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú lógbúùkù bàálù. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ẹ ka ìwé Operating Limitations yín, èyí tó sọ ohun tí òfin gbà fún bàálù yín: àyípadà tó bá jẹ́ ńlá lábẹ́ òfin ní láti dé etí FSDO, ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó bàálù ní agbègbè yín, ohun tó bá sì kan ìdarí bàálù kì í ṣe ohun tí à ń dá pè ní kékeré. Ẹ pè wọ́n, wọ́n á dá yín lóhùn.

ÌBÉÈRÈ (láti Baltimore): Ẹ̀gbọ́n wa, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bàálù wíwà ni. Àwọn bàálù kan ní pátákó kékeré lẹ́yìn aileron tí wọ́n fi ń ṣe trim, àwọn mìíràn ń lo sípíríǹgì. Kí ni ìyàtọ̀ wọn, èwo ló sì dára jù?

ÌDÁHÙN: Ìyàtọ̀ wọn tóbi. Pátákó kékeré yẹn, atẹ́gùn ló ń fún un lágbára. Bí ẹ bá sáré, agbára rẹ̀ á pọ̀. Bí ẹ bá rọra, á dín kù, ti aileron tó ń dì mú náà á sì dín kù, wọ́n jọ ń lọ jọ ń bọ̀ ni. Sípíríǹgì ò mọ̀ bóyá ẹ ń sáré tàbí ẹ dúró. Ìfà kan náà ló ní lórí ilẹ̀ àti lókè.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Agbára atẹ́gùn lórí aileron ń lọ pẹ̀lú ìyára ní ìlọ́po ara rẹ̀. Bí ẹ bá ń fò ní nọ́ọ̀tì 160, tí ẹ wá dín in kù sí 80, ìdá kan nínú mẹ́rin ni agbára atẹ́gùn náà á kù sí, ìfà sípíríǹgì ò sì yí padà. Nítorí náà, trim tó tọ́ sí yín gẹ́lẹ́ lókè á máa ti aileron lọ jìnnà jù nígbà tí ẹ bá ń bọ̀ wá balẹ̀, apá tí ẹ ti ń gbé sókè tẹ́lẹ̀ á wá fẹ́ ga jù. Ìyẹn ni mo fi ní kí àbúrò wa ní Katy dán ìyára kékeré wò. Ìyẹn náà ni mo ṣe máa ń sọ pé kí ẹ dá trim onísípíríǹgì padà sí àárín kí ẹ tó gbéra, kí ẹ sì tún ọwọ́ fi sí i nígbà tí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀.

Àmọ́ sípíríǹgì ní àǹfààní kan tí mo ka sí púpọ̀. Aileron kọ̀ọ̀kan ni a ti fi ìwúwo sí iwájú rẹ̀ kó lè dọ́gba lórí ìdè rẹ̀, kó má baà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n pẹ̀lú apá nígbà tí bàálù bá ń sáré. Gbígbọ̀n yẹn, tí àwọn awakọ̀ ń pè ní flutter, lè ya apá kúrò lára bàálù láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Bí ẹ bá so pátákó, ìdè àti mọ́tò mọ́ ẹ̀yìn aileron, ẹ ti fi ẹrù sí ẹ̀yìn rẹ̀ nìyẹn, ẹ ní láti tún ìwúwo iwájú ṣírò. Sípíríǹgì tó wà nísàlẹ̀ ìjókòó ò fi nǹkan kan kún aileron. Bí ẹni tó ya àwòrán bàálù náà bá ti ṣe é ní onípátákó, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sì sí nǹkan kan níbẹ̀, tí ẹ ń kàn án nínú gáréèjì yín, sípíríǹgì ni kí ẹ lò.

ÌBÉÈRÈ (láti Ìlọrin): Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ẹnì kan sọ fún mi pé irú bàálù tí àwọn èèyàn ń kàn ní gáréèjì ní Amẹ́ríkà yìí, Nàìjíríà náà ti ṣe é rí. Mo jiyàn. Ṣé òótọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni, ẹ gbà fún un. Air Beetle ni wọ́n ń pè é. Láti ara RV-6A ti ilé iṣẹ́ Van's ni wọ́n ti mú un jáde ní ìparí àwọn ọdún 1980, ilé iṣẹ́ AIEP ní Kaduna ló sì tò ó fún Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Òfuurufú Nàìjíríà, kí àwọn ọ̀dọ́ awakọ̀ lè máa fi kọ́ṣẹ́. Ẹni méjì ń jókòó sínú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, táyà kan sì wà lábẹ́ imú. RV-7A tí àbúrò wa ní Katy ń bá jà yẹn, àbúrò RV-6A ni. Ó máa ń wù mí kí àwọn ọmọ wa tó ń kọ́ ẹ̀rọ ní yunifásítì mọ èyí, torí pé kò sí ohun tó wà nínú RV tí ọwọ́ ọmọ Nàìjíríà ò lè tò pọ̀. Ó ti tò ó rí.

ÌBÉÈRÈ (láti Peckham, London): Ẹ̀gbọ́n, èmi àti ọ̀rẹ́ mi méjì jọ ra RV-6 kan tí ẹlòmíràn kàn. Kò ní trim ní aileron. Ṣé a lè fi sípíríǹgì sí i bí wọ́n ṣe ń ṣe ní Amẹ́ríkà?

ÌDÁHÙN: Ẹ lè fi sí i, àmọ́ ọ̀nà tiyín yàtọ̀. Permit to Fly, ìyẹn ìwé àṣẹ ìfò, ni bàálù yín ń lò lábẹ́ LAA, ẹgbẹ́ tó ń bójú tó irú àwọn bàálù kékeré bẹ́ẹ̀ ní Britain, nítorí náà àyípadà bí èyí gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó gbẹ́ ihò àkọ́kọ́. Ẹ kọ́kọ́ bá inspector yín sọ̀rọ̀. Bí àwòrán Van's fúnra rẹ̀ bá wà fún un, èyí ni kí ẹ gbé lọ bá wọn, iṣẹ́ á yá ju kí ẹ ya tiyín lọ.

Ohun kan wà ní Britain tí mo fẹ́ kí àwọn ará Amẹ́ríkà kọ́ lọ́dọ̀ yín. Bí ẹnikẹ́ni bá ti tú ohun ìdarí bàálù tàbí tó fi nǹkan kún un, ẹni méjì ló gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí bàálù náà tó fò, àwọn méjèèjì á sì fọwọ́ sí i. Ní Amẹ́ríkà, òfin ò fi dandan lé e fún bàálù tí a kàn nílé, àmọ́ mi ò lè gbé bàálù jáde láìṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ yín kejì tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ ń de sípíríǹgì náà ni kí ẹ ní kó wá wò ó, torí pé ojú ẹni tó ṣe iṣẹ́ máa ń rí ohun tó rò pé òun ṣe. Ẹ fún un ní tọ́ọ̀ṣì àti dígí, kó ti ọ̀pá ìdarí dé òpin méjèèjì pẹ̀lú trim ní òpin méjèèjì, kó fọwọ́ kan ìkọ́ kọ̀ọ̀kan àti kọ́tà píìnì kọ̀ọ̀kan, kó sì lọ dúró lẹ́yìn apá wò ó pé, bí ẹ bá ti ọ̀pá sí òsì, aileron òsì ló ń gòkè.